Aṣọ Àyálò ni Fọ́múlà Kábọ̀n: Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Igi Etí Omi ní Rumuolumeni

Ìfáárà

Ilé ẹ̀kọ́ gíga Ignatius Ajuru University of Education ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Rumuolumeni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor. Ṣùgbọ́n kí ilé ẹ̀kọ́ tó dé ni omi àti igi mangrove ti wà ní agbègbè náà. Igi yìí ni àwọn ará etí omi fi ń yan ẹja; ìdí gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti alákàn ń sá pamọ́ sí. Lónìí, ayé ti rí iṣẹ́ mìíràn tí igi yìí ń ṣe: ó ń fa kábọ̀n inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀ àti sínú ẹrẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè àti ilé iṣẹ́ ńlá ti ń sanwó lórí irú kábọ̀n bẹ́ẹ̀, owó náà kì í sì í jáde láìsí iye.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń bi ni pé, báwo ni wọ́n ṣe ń rí iye náà, ṣé ó sì bá igi wa mu? Èrò wa ni pé àwọn fọ́múlà tó wà nílẹ̀ wúlò, àmọ́ aṣọ àyálò ni wọ́n. Àwọn àgbà sì ní aṣọ àyálò kì í yẹ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lápá, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n igi

A kò lè gbé igi tó dúró sórí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a gé ìwọ̀nba igi díẹ̀, wọ́n a gbé igi, ẹ̀ka àti ewé sórí òṣùwọ̀n, wọ́n a mọ ìwúwo wọn ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fọ́múlà tó so ìwúwo yìí mọ́ ìbú igi àti bí pákó rẹ̀ ṣe ki tó. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní téèpù lọ́wọ́ lè mọ ìwúwo igi láìgé e. Nínú ìwúwo gbígbẹ yìí, nǹkan bí ìdá 45 sí 47 nínú ọgọ́rùn-ún ni kábọ̀n. Ọgbọ́n gidi ni èyí, nítorí ó gba igi lọ́wọ́ àáké.

Igi ta ni wọ́n gé?

Ibí ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2005, Komiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé fọ́múlà mangrove jáde láti ara igi Thailand àti Indonesia. Ní ọdún kan náà, Chave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde fún igbó ilẹ̀ olóoru, mangrove sì wà nínú rẹ̀. Kò sí igi Áfíríkà kankan níbẹ̀. Ní 2014, Chave tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú igi 4,004, igi Áfíríkà sì wọ inú rẹ̀. Àtúnṣe tó yẹ ká yìn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi etí omi ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ká ní ìbú igi kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, tí ìkì pákó rẹ̀ sì jẹ́ 0.9. Fọ́múlà Komiyama yóò sọ pé igi náà tó kg 358. Fọ́múlà mangrove ti Chave ní 2005 yóò sọ pé kg 247 ni. Igi kan náà ni o! Ìyàtọ̀ kg 111 yìí, bí a bá yí i sí gáàsì carbon dioxide, ó lé ní kg 180. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Igi ilẹ̀ wọn ni wọ́n wọ̀n.

Ibi tí a ó fi téèpù sí

Nínú igbó òkè, mítà 1.3 sí ilẹ̀ ni a ti ń wọn igi. Ṣùgbọ́n Rhizophora, olórí igi mangrove wa, máa ń ta gbòǹgbò láti ara wá sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Bí ó bá dàgbà, gbòǹgbò náà lè ga ju ènìyàn lọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 lókè gbòǹgbò tó ga jù ló yẹ kí a ti wọ̀n ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di òfin mítà 1.3 mú yóò kàn wọn gbòǹgbò ni, yóò sì pè é ní igi.

Ti ọ̀pẹ nipa tún wà níbẹ̀. Láti Singapore ni wọ́n ti mú un wá sí Calabar ní 1906, ó sì ti gba ilẹ̀ mangrove púpọ̀ ní Niger Delta. Abẹ́ ẹrẹ̀ ni ìtì rẹ̀ ń sùn sí. Imọ̀ ọ̀pẹ nìkan la ń rí. Fọ́múlà tó ń béèrè ìbú igi kò lè bá a sọ̀rọ̀ rárá. Ẹni tó bá sì ń fi sátẹ́láìtì wo àwọ̀ ewé nìkan lè ka oko nipa mọ́ igbó mangrove.

Ohun tó wà nínú ẹrẹ̀

Àṣìṣe tó tóbi jù ni kí a ka igi ká gbàgbé ẹrẹ̀. Ní 2011, Donato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ igbó mangrove 25 wò ní agbègbè Indo-Pacific. Wọ́n rí tọ́ọ̀nù kábọ̀n 1,023 lórí hẹ́kítà kan ní ìpíndọ́gba, ilẹ̀ ló sì ń gbé ìdá 49 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. A kò lè gbé iye yẹn wá sí Rumuolumeni báyìí báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá. Bí wọ́n bá da yanrìn sórí ilẹ̀ mangrove láti kọ́lé, ẹni tó ka igi nìkan kò ní mọ bí àdánù náà ti pọ̀ tó.

Àwọn kan lè sọ pé kí a kúkú mú iye tó kéré jù, kí ọkàn lè balẹ̀. Iye tó kéré jù yóò jẹ ará etí omi níyà, torí owó tó tọ́ sí wọn yóò dín kù. Èyí tó pọ̀ jù náà burú: ẹni tó ra kábọ̀n tí kò sí yóò máa tú èéfín sáfẹ́fẹ́ lọ, yóò sì rò pé òun ti san gbèsè.

Ìkádìí

A kò ní kí a ju fọ́múlà nù. Ohun tí a ń dámọ̀ràn ni pé, nígbà tí wọ́n bá gé mangrove nítorí ilé tàbí ọ̀nà, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa wọn àwọn igi náà kí wọ́n tó di igi ìdáná, kí a lè ní fọ́múlà tiwa láìgé igi tuntun. Kí a máa kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù papọ̀ nínú ìwádìí. Kí a wa ẹrẹ̀ dé mítà kan, ó kéré tán. Kí a sì pe àwọn obìnrin tó ń yan ẹja sí iṣẹ́ náà: ọwọ́ wọn ti mọ igi tó ki àti èyí tó fúyẹ́ kí téèpù wa tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìlàjẹ àti gbogbo etíkun wa bó ṣe kan Rumuolumeni.