Ta Ló Sọ Ọ́, Ta Ló Sọ Ọ́ Fún? Ìwé Ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì Ẹnu

Bí ọba bá kú, a ní ọba wàjà. Bí àgbàlagbà bá kú, a ní bàbá ti papòdà. Bó bá jẹ́ ìgárá olè tó ti ń da ìlú láàmú ló kú, ẹnu wa á gbà á láti sọ pé ó ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra. Nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ẹni náà kú. Àmọ́ ẹ gbé èyí tó kẹ́yìn yìí lọ sí ààfin, kẹ́ ẹ ní Kábíyèsí ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí àwọn ìjòyè máa fojú yín rí.

Nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń múra ìdánwò, èyí tó to àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà, ẹ ó rí "kick the bucket", ẹ ó sì rí ìtumọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀: láti kú. Irọ́ kọ́. Ohun tí ìwé yẹn ò sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, pé wọn kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, pé ẹni tó bá sọ ọ́ nípa bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ti fẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Ìtumọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ náà ò sí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ni ìwé ìtàn àròsọ ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu tó dà bí ìtàn àròsọ fún ẹni tí kò gbé láàárín àwọn tó ni èdè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kà á láti fi yege ìdánwò.

Ẹ mú "I'm afraid". Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀rù wà nínú "afraid". Ẹni tó bá wá gbọ́ tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan sọ fún aláìsàn pé "I'm afraid the doctor has left" á máa rò ó pé kí ló ń ba obìnrin yìí lẹ́rù? Ṣebí dókítà kàn lọ sílé ni. Nínú ìtàn, ẹ ó rí i pé ara ẹni tó sọ ọ́ ò gbọ̀n rárá, ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ló ń kọ lọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lojú rẹ̀ fà ro, tó gbé báàgì rẹ̀, tó kọrí sílé. Ẹ bá a pàdé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ní sí ẹni tó máa sọ fún yín mọ́ pé "ẹ má bínú" ló ń sọ, pé ìròyìn tí kò dùn ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Do you mind if I open the window?" ńkọ́? Ẹni tó bá fi inú rere dáhùn pé "Yes" ti ní kí wọ́n má ṣí i nìyẹn. Ìwé ìtàn ò jókòó ṣàlàyé. Ó kàn jẹ́ kí fèrèsé ṣí, tàbí kó má ṣí.

Nílẹ̀ wa níbí, ìwé tí ọ̀pọ̀ àwọn tó dàgbà láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980 fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgboro kì í ṣe èyí tí tíṣà yàn fún wọn. James Hadley Chase ni. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń kà á, ìwé kan á gba ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi já, tí ojú ewé tó kẹ́yìn á sì ti dàwátì kó tó kan ẹni tó ń dúró dè é. Inú rẹ̀ ni ọmọkùnrin tí kò tíì rí pápákọ̀ òfurufú rí ti mọ̀ pé "dame" lobìnrin, "dough" lowó, "cop" lọlọ́pàá, "beat it" sì ni kó o kúrò níwájú mi. Ó dùn o, n ò ní parọ́.

Ohun tó mú mi lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni Chase fúnra rẹ̀. René Raymond lorúkọ rẹ̀, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, wọ́n bí i ní 1906. Nígbà tó kọ No Orchids for Miss Blandish, tó jáde ní 1939, kò gbé Amẹ́ríkà rí; ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro Amẹ́ríkà àti máàpù ló fi ṣiṣẹ́. George Orwell, tó kọ àròkọ nípa ìwé náà ní 1944, kíyè sí i: ó ní ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòǹkọ̀wé yìí, síbẹ̀ ó dà bíi pé ó ti kó ọkàn rẹ̀ lọ pátápátá sáàárín àwọn ọ̀daràn Amẹ́ríkà. Ẹ wá wò ó: ọmọ Ìbàdàn ń kọ́ èdè àwọn ìgárá Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ará Lọ́ńdọ̀nù tóun náà kọ́ ọ nínú ìwé.

N ò fi ìyẹn bú u. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé èèyàn lè fi ojú kọ́ ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́. Níbi tí mo ti ń bá Chase jà ni pé irú ẹnu kan ṣoṣo ló pọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ń halẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ń tanra wọn jẹ, ìbọn ni wọ́n fi ń dúnàádúrà. Ẹni tó bá ka ogójì nínú ìwé yẹn á mọ bí wọ́n ṣe ń lé ènìyàn jáde nílé, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún onílé pé ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Tó bá dorí wíwo sinimá, ó wúlò. Tó bá dorí pé kéèyàn la ẹnu sọ̀rọ̀ fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ló gbé mi dé ibi tó ṣòro jù fún Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa fi ọ̀wọ̀ sínú "ẹ" àti "wọ́n"; ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ní "you" kan ṣoṣo fún ọba àti fún ajá, làwọn èèyàn wa bá pinnu pé Òyìnbó ò mọ ọ̀wọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ibòmíràn ló tọ́jú ẹ̀ sí. Inú gbólóhùn tó ń lọ yípo ló wà: "I wonder if you could", "I don't suppose you'd". Ìwé tó máa fi èyí hàn wá gbọ́dọ̀ ní àwọn ènìyàn tí kì í sọ ohun tó wà nínú wọn ní tààràtà. Fún iṣẹ́ yẹn, n ò mọ ẹni tó ju Agatha Christie lọ.

Nínú A Murder Is Announced, tó jáde ní 1950, ìkéde kan hàn nínú ìwé ìròyìn abúlé: wọ́n máa pa ènìyàn nílé kan báyìí, ní ọjọ́ Jímọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Gbogbo aládùúgbò ló kà á. Nígbà tó tó àsìkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní méjì méjì, kálukú pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Kí ni wọ́n wá ń sọ? Wọ́n ń sọ pé ẹ̀yin ti tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Wọ́n ń yin òdòdó. Àwọn tó tún wọlé lẹ́yìn wọn á tún sọ ti ẹ̀rọ yẹn. Òǹkàwé mọ ohun tó gbé gbogbo wọn wá, onílé mọ̀ ọ́n, àwọn náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mẹ́nu bà á. Tẹ́ ẹ bá ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ ti kọ́ nǹkan tí ìwé àkànlò èdè ò lè kọ́ yín, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkíni ni. Ṣebí àwa náà ń béèrè pé "ará ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́", a ò sì retí kí ẹni tá a kí bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn ọmọ rẹ̀ fún wa lójú títì. "How are you?" ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú Christie ti gbó. Ẹni tó bá gbé wọn bó ṣe wà lọ sí Peckham lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba. Ẹsẹ̀ tí gbólóhùn fi ń rìn ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi aṣọ tó wọ̀ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìwé kan péré lẹ ráyè kà, Second-Class Citizen ti Buchi Emecheta ni mo máa fà lé yín lọ́wọ́. 1974 ló jáde. Èkó ni wọ́n bí Emecheta sí, ibẹ̀ náà ni Adah inú ìtàn ti dàgbà. Gẹ̀ẹ́sì Adah ò lábùkù: ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìkàwé àwọn ará Amẹ́ríkà l'Ékòó kó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ń wá ilé, tí ọ̀pọ̀ ìkéde ilé ń sọ pé àwọn ò gba aláwọ̀ dúdú, Adah rí ọ̀kan tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó pe onílé lórí fóònù, ó fún imú rẹ̀ pọ̀ kí ohùn rẹ̀ má bàa dún bíi ti ọmọ Áfíríkà. Obìnrin náà ní kí wọ́n máa bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, tí ó rí wọn, ojú rẹ̀ yí padà. Nígbà tó máa rí ohùn fi sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá náà tán ni.

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Èébú kankan ò sí nínú rẹ̀. Tíṣà á fún un ní máàkì. Ìwé àkànlò èdè á ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ti ènìyàn jáde yẹn. Emecheta ò dá ìtàn dúró láti sọ fún wa pé irọ́ ni. Ojú obìnrin yẹn tó ti fi hàn wá ló sọ ọ́. Wọlé Ṣóyínká ti fi ọ̀rọ̀ onílé àti fóònù kọ ewì, "Telephone Conversation", ewì tó gbayì ni, ṣùgbọ́n òun fi àwàdà gbẹ̀san lára onílé tiẹ̀. Adah ò rí ẹ̀san kankan gbà. Ó padà sínú òtútù ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni mò ń pa. Àwọn ọmọ wa tó ń kó lọ sí Bìrìtìkó lónìí láti ṣe nọ́ọ̀sì ti yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó wọ bàálù. Kì í ṣe gírámà ló máa dá wọn lágara. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá sọ pé "You might want to have another look at this" ni wàhálà máa bẹ̀rẹ̀. Létí Yorùbá, "might" yẹn dà bíi "tó bá wù ẹ́". Àṣẹ ni o! Ẹni tí kò bá padà lọ tún un ṣe, wọ́n á ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kì í gbọ́rọ̀, òun ò sì ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. "We'll keep your details on file" náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún, kó tètè wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Ìwé tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là ti wọ yàrá ìkàwé wa rí. Lọ́dún 2017 àti 2018, In Dependence ti Sarah Ladipo Manyika ni JAMB yàn fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì: ìtàn Táyọ̀ Àjàyí, ọmọ Ìbàdàn tó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí Oxford níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kí la fi ṣe? A há orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sórí, a há ìlú tí wọ́n lọ sórí. Kí Táyọ̀ dákẹ́ níbi tí ará Oxford ti ń sọ̀rọ̀, kí ló fà á? Ẹni tó ń wá A, B, C, D ò ráyè ìyẹn.

Ìmọ̀ràn kan ni mo ní, kò sì wọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń kàwé, tí ọ̀rọ̀ kan wù yín, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ náà nìkan sílẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ fún, ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ti onílé Adah á lọ báyìí: obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló sọ ọ́, lẹ́nu ọ̀nà, fún tọkọtaya aláwọ̀ dúdú tó fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n wá; ó sọ pé kí wọ́n má bínú; yàrá ṣì ṣófo.