Jẹ́lé-ó-sinmi: Àgbéyẹ̀wò Ipa Ìtàn àti Àṣà lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọdé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Jẹ́lé-ó-sinmi ni orúkọ tí àwọn Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà. Orúkọ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìhun rẹ̀ fínnífínní, a ó rí i pé kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́. Kò sọ ohun tí ọmọ yóò kọ́, kò sì sọ ẹni tí yóò kọ́ ọ. Gbólóhùn kan odidi ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀, ilé sì ni olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó kẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ilé ni ó fẹ́ sinmi.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti kọ iṣẹ́ lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé ni ó di gbogbo ẹ̀bi lé ìjọba amúnisìn àti àwọn ìjọba tí ó tẹ̀ lé e lórí. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí. Láti nǹkan bí ọdún 1843 ni àwọn tí ó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ Yorùbá ti fi ọkàn tán ilé pé ilé yóò máa kọ́ ọmọ ní èdè àti ìwà, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta. Nígbà tí ilé wá sinmi, kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ̀kọ́ Ilé Kí Ilé-ìwé Tó Dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú mẹ́rin ní ń bí ọmọ, igba ojú ní ń wò ó. Ètò gan-an ni òwe yìí ń ṣàpèjúwe. Nínú agboolé, ìyá a máa fi oríkì jí ọmọ ní òwúrọ̀, àgbà a máa pa àlọ́ fún un ní alẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n a sì máa bá a ṣeré òṣùpá. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti ronú jinlẹ̀. Àlọ́ onítàn ń kọ́ ọ láti tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì gbe orin nígbà tí ó yẹ. Ìṣirò pàápàá wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń pe 16 ní mẹ́rìndínlógún, tí ó sì ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ti ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún, ó sì ti ń yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni òun ń ṣe.

Babs Fáfúnwá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tí ó jáde ní 1974, ka kókó méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ń lépa. Lára wọn ni ìdàgbàsókè ara, ìwà, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, làákàyè àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí ènìyàn bá wo àkójọ náà nìkan, ó lè rò pé ẹ̀kọ́ ilé kò ní àléébù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ní. Ọmọdé kò fi bẹ́ẹ̀ láyè láti bi àgbà ní ìdí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìdílé ni ó sì sábà máa ń pinnu ohun tí ọmọ yóò dà. Àléébù tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé igba ojú ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà ró. Bí ojú bá dín, dandan ni kí ẹ̀kọ́ dín.

Ilé-ìwé Ìjọ àti Òfin 1882

Ní 1843, De Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Wesley, dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti Sàró padà wálé. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún ilé-ìwé náà túmọ̀ sí ibi tí a ti ń tọ́ ìjọ tí ó ṣì jẹ́ ọmọ-ọwọ́. Bí a bá fi orúkọ yìí wé jẹ́lé-ó-sinmi, ìjọra wọn kò fara sin. Nínú ọ̀kan, ìjọ ni ọmọ-ọwọ́ tí à ń tọ́. Nínú èkejì, ilé ni ó ń sinmi. Nínú méjèèjì, ọmọ fúnra rẹ̀ kọ́ ni a fi pe ilé-ìwé.

Àwọn ajíyìnrere kò kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Iṣẹ́ Samuel Àjàyí Crowther lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè wa, àti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 lórí àkọtọ́, jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń wá ni èyí tí ènìyàn yóò fi ka Bíbélì. Oríkì tí ó tan mọ́ òrìṣà àti orin ọdún ìbílẹ̀ kò rí àyè nínú kíláàsì. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní 1882 fún Èkó àti Gold Coast, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀ fún, kò ya ti Yorùbá sọ́tọ̀.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ tí àwọn onímọ̀ kan máa ń fò. Àwọn òbí lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe. Òbí tí ó ti rí èyí kò lè san owó ilé-ìwé nítorí Yorùbá tí ọmọ ń gbọ́ nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu nígbà náà, nítorí pé ilé ṣì wà lójúfò.

Ètò 1955 àti Ìwé Aláwíyé

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ 456,600 ní 1954, di 811,432 ní ọdún náà. Àǹfààní ńlá ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Síbẹ̀, ó mú ìyípadà kan dé bá ilé. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, tí ó máa ń gbé àbúrò pọ̀n, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ ní eré àti orin, kò sí nílé láàárọ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ìyá náà wọ iṣẹ́ oṣù, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi agboolé sílẹ̀ lọ gbé yàrá kan tàbí méjì ní ìgboro, igba ojú di ojú mẹ́rin padà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó mú kí ilé wá ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ (1904–1980) kọ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kéékèèké títí ó fi dé orí ìtàn àti ewì. Ìwé kíkà ni ó ń kọ́ ọmọ, kì í ṣe èdè Yorùbá. Ọdúnjọ gbà pé ọmọ tí ó jókòó síwájú ìwé náà ti gbọ́ Yorùbá tẹ́lẹ̀, pé ó ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá, pé ó mọ ohun tí oko, ọjà àti agbo ẹbí jẹ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ń ka Aláwíyé bí ìgbà tí wọ́n ń ka èdè àjèjì. Ìwé náà kò yí padà. Ọmọ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó yí padà, nítorí pé ilé tí ó ti wá ti yí padà.

Ẹ̀rí Ifẹ̀ àti Ìlànà Ìjọba

Ìwádìí tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, gbajúmọ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi ìwádìí yìí ṣe ẹ̀rí máa ń gbàgbé láti sọ ohun tí ó gbé e ró. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún un, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì wá olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dunjú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, inú ilé tí Yorùbá ti kún ni àwọn ọmọ náà ti wá.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni, orí ìwé ni àṣẹ yìí parí sí. Ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ni a ń fìyà jẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a lo èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba kan náà fagi lé ìlànà yìí, ó sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé lílo èdè abínibí wà lára ohun tí ó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò bíi WAEC, NECO àti JAMB.

Àlàyé yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tí ó ti wà láti 1977, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC yóò ti fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Kò tọ́ kí a fojú fo ọdún mẹ́sàn-án, kí a wá di ẹ̀bi ìkùnà lé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lórí, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò lo èdè abínibí nínú ọdún mẹ́ta ọ̀hún rárá.

Ìkádìí

Ohun tí ó hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni pé àwọn tí ó fagi lé èdè abínibí àti àwọn tí ó ń gbè é lẹ́yìn jọ ń rìn lórí èrò kan náà. Àwọn ti ìṣáájú rò pé ilé yóò tọ́jú Yorùbá bí ilé-ìwé kò bá tọ́jú rẹ̀. Àwọn ti ìkejì rò pé bí òfin bá ti wà, ọmọ yóò gbé èdè wá láti ilé. Ilé tí àwọn méjèèjì gbára lé ti sùn lọ.

Nítorí náà, bí à ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ìlànà, iṣẹ́ ń bẹ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tí kò nílò àṣẹ Àbújá. Ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọdé àti ẹ̀ka Yorùbá jọ máa dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé-ẹ̀rí láti kọ́ ọmọdé bí kò bá lè pa àlọ́ kí ó sì dá orin inú rẹ̀, bí kò bá lè ka òǹkà Yorùbá dé ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ pe àwọn ìyá àgbà àdúgbò wọ kíláàsì, kí ojú tí ó ń wo ọmọ lè tún pọ̀ sí i. Ó sì yẹ kí a sọ fún àwọn òbí pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fẹ́ kò ní sá lọ bí wọ́n bá ń bá ọmọ wọn sọ Yorùbá lálẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé ti sinmi tó. Ó tó àkókò kí ó dìde lọ́wọ́ ìsinmi, kí ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀.