Ọjọ́ Tí Kẹ̀kẹ́ Ń Sinmi ní Festac

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn, tó gba Abẹ́òkúta wọ Èkó, á ti rí ọ̀dà, àpáta àti ìdí ọkọ̀ àjàgbé tó pọ̀ kó tó dé Mile 2. Ìlú gan-an ni kò ní í rí. Ojú rẹ̀ ń ṣọ́ kòtò, etí rẹ̀ ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ń ro ó. Ìdí nìyí tí mo fi ka ọjọ́ ìsinmi sí ọjọ́ tó níyì jù nínú ìrìnàjò orí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ náà, a ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, a ó fẹsẹ̀ rìn, ojú á sì ráyè wòran.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ Vietnam, láti Hanoi lọ sí gúúsù, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí yé wa. Nínú gbogbo òkè tí wọ́n gùn lọ́hùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n sinmi ní Hội An ló ṣì máa ń ròyìn. Ìlú èbúté àtijọ́ ni, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ohun àjogúnbá ayé láti 1999. Wọ́n rìn láàárín ilé àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí àwa náà wá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ẹ̀gbọ́n ní dandan ni kí a sinmi ní Festac ní Èkó, kí a tún sinmi ní Àgbádárìgì. Èmi tí mò ń gbé Festac ni mo wá di onílé àti amọ̀nà.

Òwúrọ̀ ni Festac dùn wò jù. A fi àkàrà mu ògì gbígbóná, a bọ́ sí Second Avenue kí oòrùn tó mú. Ohun tó kọ́kọ́ ya àwọn ará Ìbàdàn lẹ́nu ni bí títì ṣe lọ gbọọrọ, tó sì wà létòlétò. Níbi tí wọ́n ti wá, agbo ilé ló bí agbo ilé, ibi tí ilé bá ṣẹ́kù sílẹ̀ lọ̀nà ń gbà. Ní ti Festac, orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó. Àfínù ńlá méje ló wà níbẹ̀, láti First Avenue dé Seventh. Ọ̀nà tó ya lára wọn ń jẹ́ nọ́ńbà, àgbàlá tó ya lára ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Close, sì ń jẹ́ lẹ́tà. Ẹni tó bá gbọ́ 21 Road tàbí 23 Road ti mọ̀ pé Second Avenue lòun ń lọ. Ẹni tó gbọ́ 402 Road á kọrí sí Fourth Avenue. Tísà ìṣirò kan wà láàárín wa tí ètò yìí dùn mọ́ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú wa. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà, kò sì ṣìnà.

Mo mú wọn wọ inú Close kan tí mo fẹ́ràn, nítorí pé inú Close ni ẹwà Festac wà. Ilé alájà yí àgbàlá ká, igi fúrúùtù ńlá kan ta ẹ̀ka bo àárín rẹ̀, àwọn ọmọdé fi sálúbàtà ṣe ojúulé bọ́ọ̀lù lábẹ́ ibẹ̀. Ògiri àwọn ilé náà ti gbó, àwọ̀ ọ̀dà sì yàtọ̀ láti fúláàtì kan sí èkejì, torí pé onílé kọ̀ọ̀kan ń kun tirẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Síbẹ̀ àyè tí àwọn tó ya àwòrán ilé fi sílẹ̀ láàárín ilé méjì ṣì wà, atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá. Bàbá àgbà kan tó jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn kí wa kú ìrìn, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì ní kí a dìde. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn wà lára aráàlú tí wọ́n pín ilé fún nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún ti padà sílé.

Àjọ̀dún náà ló bí ìlú yìí. FESTAC '77 ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì; Dakar ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1966. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Èèyàn bíi 16,000 ló kópa, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50, ọ̀pọ̀ wọn ló sì sùn nínú ilé bíi 5,000 tí ìjọba kọ́ síbi tí a ń rìn kiri yìí. Miriam Makeba wá, Stevie Wonder wá. Gilberto Gil wá láti Brazil, ilé tó rí ní abúlé àjọ̀dún náà sì wà lára ohun tó fún un ní ìmísí fún Refavela, àwo orin tó gbé jáde lọ́dún yẹn kan náà. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú Close lè dàgbà láìgbọ́ èyí rí. Ó wù mí kí wọ́n gbé pátákó sí ìkòríta kọ̀ọ̀kan, kí ó máa sọ ẹni tó gbé ibẹ̀ lóṣù yẹn àti orílẹ̀-èdè tó ti wá.

Lọ́sàn-án, a lọ wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní Mile 2. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń gbé èrò, kìlómítà 13 ni ó sì fi dé Marina. A na káàdì Cowry sí ẹnu ọ̀nà, a wọlé, amúlétutù fẹ́ sí ẹsẹ̀ tó ti gbó sára pẹ́dà. A kò sọ̀ ní National Theatre ní Iganmu nígbà tí a ń lọ, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí ọ̀sà. Nígbà tí ọkọ̀ gun orí omi lọ sí Marina, tí Erékùṣù Èkó yọ gedegbe pẹ̀lú àwọn ilé gíga rẹ̀, gbogbo wọn dìde lórí ìjókòó.

Àbọ̀ la sọ̀ ní National Theatre, tí ìjọba sọ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024. Ẹni tó bá ti rí Festac láàárọ̀ yẹ kó rí ibí lọ́jọ́ kan náà, nítorí àjọ̀dún kan ló ni àwọn méjèèjì. Ibí ni eré, Festac ni ibùsùn. Gbọ̀ngàn kan tó wà ní Varna ní ilẹ̀ Bulgaria ni wọ́n wò kọ́ ọ, àwọn ará Bulgaria ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Bí fìlà ọ̀gágun ló rí lókèèrè. Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀tàn ìbòjú eyín erin Ìdíà, ìyá Ọba Benin, fún wọn. Erhabor Emokpae fi ìbòjú náà ṣe àmì àjọ̀dún, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ wà ní British Museum, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láti ìgbà tí wọ́n ti kó ẹrù Benin lọ ní 1897. Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún, wọ́n kọ̀. Agbẹ́gilére Benin ló gbẹ́ òmíràn. Inú ṣì ń bí mi títí di òní bí mo bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí a padà sí Festac, a fi epo sí ṣéènì, a fẹ́ táyà, a sì jókòó ti obìnrin kan tó ń yan ẹja. Àrọ̀ ńlá ni: wọ́n fi ọ̀bẹ dá a nílà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi ata gígún, àlùbọ́sà àti òróró ra á tinú-tẹ̀yìn, epo sì ń kán sórí ẹyín iná, ó ń ta ṣàà. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú dòdò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìdájí ni a jáde sí màrósẹ̀ Àgbádárìgì. A gba ẹ̀gbẹ́ Trade Fair kọjá, tí àwọn ará Yugoslavia kọ́, tí òun náà ṣí ní 1977, a kò sì dúró mọ́ títí a fi kọjá Agbára.

Ìsinmi Àgbádárìgì le ju ti Festac lọ. A rí ilé alájà tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ ní 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A dúró níbi tí igi Àgíà wà kó tó wó ní 1959, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, a sì rìn lórí iyanrìn ní ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Iyanrìn náà jìn, ó ń fa ẹsẹ̀. Tísà ìṣirò wa, tó ti ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn, bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ lásán rin ìyókù ọ̀nà. Bí ẹ bá lọ, ẹ má fi ọkàdà gba ibẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ pè yín. Ẹ rìn ín.

Àjàṣẹ́ ló kàn. Mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, tí àwọn Àgùdà tí baba wọn padà dé láti Brazil kọ́, jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gan-an, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí i ti aṣọ ọdún. Ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ kírun Jímọ̀ nínú ọgbà rẹ̀, àwa yòókù sì ti gbà pé kí a tètè gbéra kí ọjọ́ Ẹtì má bàa bá wa lórí títì.