Ìyẹ́ Adìyẹ àti Ìkòkò Aró

Mo máa ń tẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá mi sórí ibùsùn kí n lè wò ó dáadáa. Ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni: òpó gbọ̀ngàn Mápó nílùú Ìbàdàn àti ṣíbí ló tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lára rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ni aládìrẹ fi kọ ọ́, ẹ̀kọ láfún sì ni tàdáwà rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Lẹ́yìn náà ló gbé e fún aláró, torí ìkòkò ẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Aláró lè má mọ ọnà kan ṣoṣo í kọ, ṣùgbọ́n ó mọ iye ìgbà tí yóò ki aṣọ bọ inú aró kó tó dúdú minimini. Adìyẹ, gbágùúdá, ewé ẹ̀lú: ohun tó wà nítòsí ni wọ́n lò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, àti lọ́wọ́ ìyá mi tí kò tà á.