Òjìji àti Ibòòji: Àkíyèsí lórí Àwòrán Ẹni tó Sá fún Oòrùn

Nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú yìí, a fẹ́ wo bí oníṣẹ́ ọnà ṣe ń fi ẹni tó wà lábẹ́ ibòòji hàn, nítorí pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wúlò fún kíkọ́ aròkọ aṣàpèjúwe.

Òjìji ni ohun tí ń tẹ̀lé ènìyàn kiri nínú oòrùn. Ibòòji ni ibi tí ènìyàn ń sá sí kí oòrùn má bàa pa á. Igi ní òjìji; ìgbà tí ènìyàn bá wọ abẹ́ rẹ̀ ló di ibòòji. Ayàwòrán tí kò mọ èyí yóò kàn kun ilẹ̀ ní dúdú ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìgbẹ́tì, ìlú ọ̀dàn tí òkè Ìyámọ̀pó wà, ṣe òṣùwọ̀n. Ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán a kan àtàrí níbẹ̀. Òjìji ènìyàn a ká sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ti igi emi a sì bọ́ sí abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà láti ara ilẹ̀ àti àpáta a máa mọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n ẹni tó jókòó níbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní dúdú bí èédú. Àwòrán tó bá na òjìji gbọọrọ ti sọ ọ̀sán gangan di ìrọ̀lẹ́.

Agbẹ́gilére kò ní ìṣòro yìí. Láàrin 1910 sí 1914, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbẹ́ ibòòji kankan, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òpó náà wà. Òrùlé ló ń ṣíji bò ó. Lónìí, Art Institute of Chicago ni ó wà. Ẹwà rẹ̀ kò dín, ṣùgbọ́n ibòòji rẹ̀ kò bá a dé ọ̀hún. Ní ti ayàwòrán, irú èyí tí Aina Onabolu (1882–1963) kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó, kò ní òrùlé tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ọ̀dà ni yóò fi dá ibòòji tirẹ̀.

Kí ni èyí kan olùdánwò? A mọ̀ pé Bíbélì Yorùbá lo òjìji fún ààbò nínú Sáàmù 91. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ òjìji níbi tí a ti ń retí ibòòji, kí a má tètè fi gègé pupa fà á. Kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó rí ìtura tó wà nínú àwòrán náà. Ẹni tó rí i tó sì sọ ọ́ yé wa ló yẹ kó gba máàkì.