Níbi Tí Irin Ti Dúró

Apá lọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò bí Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀, agbéirin tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, bá ń gbé irin. Àyà lèmi ń wò.

Ní ìdíje Paralympics ti Paris lọ́dún 2024, kílò 167 ló gbé. Àkọsílẹ̀ tuntun lágbàáyé ni, ní ìpele àwọn obìnrin tí ara wọn kò ju kílò 86 lọ. Ó kù kílò márùn-ún péré kó di ìlọ́po méjì 86. Ní Tokyo, ó gba góòlù, ó sì gbé 152, àkọsílẹ̀ lèyí náà nígbà yẹn. Ohun tí ìròyìn sọ kò ju nọ́ńbà wọ̀nyí lọ. Bí wọ́n ṣe ń gbé e ló wù mí láti sọ.

Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ méjèèjì a nà gbọọrọ lórí rẹ̀, wọ́n sì lè fi okùn dì í mọ́ ọn. Ẹni tó lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ nídìí irú iṣẹ́ yìí a máa yá agbára lọ́wọ́ ilẹ̀: ó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ gírígírí, agbára á gba itan gòkè. Ilẹ̀ kì í yá àwọn àkàndá ẹ̀dá yìí ní nǹkan kan. Èjìká, àyà, ẹ̀yìn àti apá ló ń dá a ṣe.

Apá á kọ́kọ́ nà tán, irin á dúró lókè, títí adájọ́ àgbà yóò fi sọ pé "Start!" Ìgbà náà ni yóò tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi kan àyà. Níbẹ̀, irin gbọ́dọ̀ dúró, kí adájọ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé ó dúró. Bí kò bá dúró, yóò ta padà lára egungun ìhà bíi bọ́ọ̀lù, ìdajì iṣẹ́ á sì di ọ̀fẹ́. Bó bá dúró tán tó tún wá rì wọnú àyà, iná pupa ni. Ìdúró tí wọ́n ń fẹ́ ni pé irin kan àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan ló ṣì gbé e dání. Ẹni tó ti gún iyán rí mọ̀ ọ́n: kí ọmọ odó máa bọ̀ wálẹ̀ kò ṣòro, kéèyàn dá a dúró lágbede méjì ló ń jẹ apá. Kí ó wá jẹ́ kílò 167!

Láti ibi ìdúró yẹn ni yóò ti tún gbéra, apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láì padà sẹ́yìn bó ti wù kó kéré mọ. Bí apá bá nà tán, kò tíì parí. Àfi kí adájọ́ sọ pé "Rack!" kí ó tó dá irin padà.

Adájọ́ mẹ́ta ló ń wò ó; ó kéré tán, méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ tan iná funfun kí wọ́n tó gbà á. Ìgbìyànjú mẹ́ta lẹnì kan ní, kílò kì í sì í lọ sílẹ̀ láti ọ̀kan sí èkejì.

Bí wọ́n bá tún gbé ìdíje yìí sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ nígbà tí apá bá nà. Ẹ dúró de iná funfun.