Bí A Ṣe Ń Dá Bátànì Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ Mọ̀

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Láfún ni wọ́n ń rò di ẹ̀kọ, wọn a sì po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í ráyè wọlé tán. Bí wọ́n bá ṣí ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán a yọ ní funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín dúdú aró.

Ẹni tó fẹ́ mọ irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ yí i padà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, ẹ̀yìn a sì ṣú dùdù, àwòrán a kàn máa hàn fìrífìrí níbẹ̀. Àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi ìko di, bí Oṣù Bàm̀bà, kò rí bẹ́ẹ̀, tojú tẹ̀yìn rẹ̀ jọra. Lẹ́yìn èyí ni kó wo ìlà. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ya àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì kì í dọ́gba. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé àwòrán sára páànù, wọn a sì fa ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Ìlà páànù a máa já lágbedeméjì, torí pé bí agépáànù kò bá fi páànù díẹ̀ so àárín mọ́ ẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ yóò jábọ́. Ìlà tó bá ń já ní ojú kan náà káàkiri aṣọ, iṣẹ́ páànù ni.

Orúkọ ló wá ṣòro. Àwọn tó ń ṣèwádìí àwo tánńganran ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ohun tí wọ́n ń gbára lé: ilé iṣẹ́ bíi Spode a máa kọ nọ́ńbà bátànì sí ìdí ọ̀pọ̀ àwo, débi pé ẹni tó bá rí 967 ti mọ òdòdó aláwọ̀ búlúù, pupa àti wúrà tó ń retí. Àdìrẹ kò ní nọ́ńbà. Ètò àwòrán lórí aṣọ ni nọ́ńbà tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ẹyẹ tàbí àkéekèé kan, wọ́n á sì fi sọ gbogbo aṣọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ kan náà lè wà lórí aṣọ mẹ́ta tí orúkọ wọn yàtọ̀. Odidi aṣọ ló ń jẹ́ orúkọ.

Bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn fi èyí hàn kedere. Abala aṣọ funfun méjì ni wọ́n rán pọ̀, tí wọ́n pín sí onígun mẹ́rin. Nínú ọ̀kan lára àwọn onígun mẹ́rin náà ni òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn wà, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Òpó àti ṣíbí yìí ni àmì tí kì í tan ni. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, nítorí náà aṣọ tó bá ní òpó yẹn kò lè ṣáájú ìgbà tí ilé náà ń dìde. Olókun, tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà òkun, ní àwọn onígun mẹ́rin ńlá ní àárín, kéékèèké sì tò sí etí.

Èyí tó kọ́ni lọ́gbọ́n jù ni Ọlọ́ba, tí wọ́n tún ń pè ní Jùbílì. Ọdún 1935 ni George Karùn-ún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí ìtẹ́. Àwòrán òun àti Olorì Mary wá di bátànì páànù. Bí páànù bá gbó, ẹlòmíràn a gé òmíràn láti ara aṣọ tó rí. Díẹ̀díẹ̀, ojú ọba yí padà, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sì dàrú. Nínú ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1971, George Jackson tọpa ìyípadà yìí. Ó wúlò fún títo aṣọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: bí àwòrán bá ṣe jìnnà sí ti àkọ́kọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà ṣe sábà ń pẹ́ dé tó. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyípadà náà sí ìbàjẹ́ iṣẹ́. Àwọn agépáànù gba ọba àjèjì, wọ́n sì tún un yà títí ó fi di ọba tí ojú wọn mọ̀. Iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn.

Lónìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí ti gba ọjà, láti Ìtokú ní Abẹ́òkúta títí dé Ìyànà Ìbá ní Èkó. Kò ní ojú rírán ní àárín, àwòrán rẹ̀ kò sì yẹsẹ̀ níbì kankan. Àwọn ìyá tó mọ orúkọ ti àtijọ́ ń dín kù. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìyá wọn: kí wọ́n ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn aṣọ, kí wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ra á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.